Ọgbọ́n Ọdẹ Láìgbé Ìbọn: Bí Ẹ Ṣe Lè Jáde láti Abẹ́òkúta Lọ Wo Ẹranko Ìgbẹ́

Ọ̀pọ̀ wa ní Abẹ́òkúta, ojú títì la ti mọ ẹranko ìgbẹ́: ọ̀yà tí wọ́n so kọ́ igi lọ́nà Ìbàdàn, ẹtu yíyan lórí àwo, òkète tí ẹni tó ń tà á ń nà sókè fún awakọ̀ tó ń sáré bọ̀. Àwọn tó ti rí wọn láàyè, níbi tí wọ́n ti ń jẹ̀, kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ibi tí ìlú wa wà dára fún un gan-an. Ibi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn la wà, ẹyẹ igbó àti ẹyẹ ọ̀dàn jọ ń ná ọjà kan náà níbí, odò Ògùn sì gba àárín wọn kọjá. Ẹni tó bá tètè jí, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń wò, kò ní jáde lásán.

Àwọn ọdẹ ló mọ bí wọ́n ṣe ń wò. Ọgbọ́n wọn la fẹ́ yá lò níbí, ká fi ìbọn wọn sílẹ̀ fún wọn. Mo tò ó bó ṣe yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ rìn ín: ìtòsí ilé kọ́kọ́, adágún Ọ̀yán tẹ̀lé e, igbó Ọmọ tí erin wà ló kẹ́yìn. Ẹ má fo ìkankan. Ẹni tí kò tíì lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wo ẹ̀ga lórí ọ̀pẹ, kí ló fẹ́ lọ ṣe nídìí erin?

1. Ẹ mú àsìkò

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló rọrùn jù. Koríko ti gbẹ, ewé ti ré, omi ti fà, ohun tó bá ń mí nínú igbó kò ní ṣàì wá sétí odò. Àsìkò yẹn náà ni àwọn ẹyẹ àjòjì wà nílẹ̀ wa. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá ni alápàńdẹ̀dẹ̀ tó sá fún òtútù Yúróòpù ti ń dé, oṣù kẹrin ni wọ́n sì ń padà. Àwòdì náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń kún ojú ọ̀run wa; bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á gba ìhà àríwá lọ. Ìyọnu ẹ̀ẹ̀rùn ni ọyẹ́, tó ń sọ gbogbo fọ́tò di eérú, àti wèrèpè. Wèrèpè tó ti gbẹ kò dúró kí ẹ fọwọ́ kàn án, afẹ́fẹ́ lásán á gbé e bá yín. Ẹ bi ará ibẹ̀ léèrè kí ẹ tó yà wọ ipa ọ̀nà kankan.

Òjò náà ní tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni akọ ẹ̀ga ń wọ aṣọ pupa rúsúrúsú bí ẹyin, tó ń hun ilé, tí abo á wá yẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò, tí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, akọ á já ilé ọ̀hún sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ lè wo eléyìí láti ojú fèrèsé yín.

Ní ti aago, ẹ ti wà níbi tí ẹ ń lọ kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́wàá, oòrùn á ti lé gbogbo wọn sábẹ́ ibòòji. Ìrọ̀lẹ́, láti bí aago mẹ́rin ààbọ̀, wọ́n á tún jáde. Ọ̀sán gangan, ẹ lọ jẹun.

2. Ẹrù

Ṣòkòtò gígùn, aṣọ alápá gígùn, bàtà rọ́bà tí àwọn àgbẹ̀ ń wọ̀. Kí àwọ̀ aṣọ yín jọ ewé tàbí erùpẹ̀, àmọ́ ẹ má ṣe wọ aṣọ tó jọ ti sójà. Wàhálà tó wà nínú ìyẹn ní orílẹ̀-èdè yìí ju ti ejò lọ. Ẹ má fín lọ́fínńdà. Omi, oúnjẹ tí kò ní rùn, tọ́ọ̀ṣì, páwá báǹkì, máàpù tí ẹ ti gbà sórí fóònù tẹ́lẹ̀ torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí, àti ọ̀rá kan tí ẹ ó fi kó ìdọ̀tí yín padà wálé.

Bí owó bá wà fún nǹkan kan péré, báínókúlà ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe kámẹ́rà. Ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀: 8x42 ló bá ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mu. Ìlọ́po mẹ́jọ ni yóò fi ohun tí ẹ ń wò tóbi sí i, ẹnu dígí iwájú rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 42, tó tó láti gba ìmọ́lẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Àwọn òǹtajà á fẹ́ tà yín ní èyí tó ń fi nǹkan tóbi ní ìlọ́po ogún. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọwọ́ èèyàn ń gbọ̀n, báínókúlà ọ̀hún á sì máa sọ gbogbo ẹ̀ka igi di ijó. Ẹ má sì gbé báínókúlà sójú nítòsí bárékè tàbí ibi tí ọlọ́pàá bá ti dúró. Ẹ kí wọn, ẹ sọ pé ẹyẹ lẹ wá wò. Wọ́n lè rẹ́rìn-ín yín, ìyẹn ò burú.

3. Ìtòsí ilé: ibi ìkẹ́kọ̀ọ́

Ẹ gun Olúmọ láàárọ̀ kùtù, kí èrò tó dé. Ìtàn ìlú ni gbogbo ayé ń gùn ún fún, ṣùgbọ́n òkè tó ga sókè bẹ́ẹ̀ ló dára jù láti kọ́ bí àwòdì àti àṣá ṣe ń fò, torí pé ẹ ó wà ní ìdọ́gba pẹ̀lú wọn, ẹ ò ní máa wo abẹ́ ikùn wọn nìkan. Ìrù ni kẹ́ ẹ wò. Ti àwòdì là ní àárín, ó sì ń yí i sọ́tùn-ún sósì bí atukọ̀. Bí ẹ bá rí igún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kíá. Ẹyẹ tó kún ilé ẹran nígbà àwọn bàbá wa ti di ohun tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń sọ irú ẹranko tó wà nínú ewu, kà mọ́ àwọn tó fẹ́ pa rẹ́ pátápátá. Májèlé ń pa á, àwọn lẹ́kulẹ́ja sì ń ra orí rẹ̀.

Lẹ́yìn Olúmọ, ẹ lọ sí Alábàtà. Láti Kútọ̀, ẹ wọ ọkọ̀ dé Káàmpù, kí ẹ wọ òmíràn dé ẹnu ọ̀nà FUNAAB, yunifásítì ètò ọ̀gbìn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988. Wọ́n ní ọgbà ẹranko níbẹ̀ tí ará ìta ń sanwó wọ̀. Ibi ìkówèésí Ààrẹ Ọbásanjọ́ ní Òkè-Mosàn náà ní ọgbà ẹranko tirẹ̀. Èmi kì í fẹ́ràn ẹranko inú àgò, ṣùgbọ́n mo gba ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kó lọ. Ẹ lọ wo bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń tẹ ilẹ̀, bí ìgbẹ́ wọn ṣe rí, irú ohùn tí wọ́n ń mú jáde bí ẹ̀rù bá bà wọ́n. Nínú igbó, àwọn nǹkan wọ̀nyí lẹ ó bá pàdé kí ẹ tó rí ẹranko fúnra rẹ̀, bí ẹ bá tilẹ̀ rí i.

Níta ọgbà, lẹ́bàá oko àti ọ̀dàn tó wà ní gbogbo apá Òdẹdá, ni kí ẹ ti wá fi ọgbọ́n ọdẹ ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́. Ẹ bu erùpẹ̀ gbígbẹ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó dà sílẹ̀ láti ìka yín, kí ẹ wo ibi tó ń fẹ́ sí. Ojú afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ sí. Bí ẹ bá kẹ̀yìn sí i, òórùn yín á ṣáájú yín dé, ilẹ̀ á sì ti ṣófo. Èkejì, ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Ẹ̀kẹta ló ń ni wá lára jù: ìjókòó. Ọdẹ kì í rìn kiri bí ẹni tí nǹkan sọnù mọ́ lọ́wọ́. Ibi tí èso ń bọ́ sí, tàbí ibi tí wọ́n ti ń mu omi, ló máa ń jókòó tì. Ẹ fara ti igi, ẹ pa ohùn fóònù, ẹ dákẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ ò ní rí nǹkan kan, torí pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé ẹ ti dé. Lẹ́yìn náà ni ayé á padà sípò. Àparò á ké. Àtíòro á kọjá lókè, apá rẹ̀ á máa hó. Bí gbogbo ẹyẹ bá ṣàdédé pa lọ́lọ́, ẹ gbójú sókè: àṣá wà nítòsí.

Ẹ ka ilẹ̀ pẹ̀lú. Koríko tí nǹkan gé dàgbá bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, tí àjẹkù rẹ̀ àti ìgbẹ́ róbótó róbótó wà nílẹ̀, iṣẹ́ ọ̀yà ni. Ojú ẹsẹ̀ kékeré tó ní pátákò méjì ṣóńṣó, ẹtu ló kọjá. Èso tí wọ́n já, tí wọ́n bù jẹ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì jù sílẹ̀, ọ̀bọ ló ń ṣe irú àṣedànù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pàdé ọdẹ lọ́nà, ẹ kí i ní "Àrìnpa o", ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ẹ bi í pé kí ló ni ojú ẹsẹ̀ yìí. Kò sí ìwé tó lè kọ́ yín tó ohun tí ẹ ó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

4. Ọ̀yán: ẹ wo omi, ẹ má wọ̀ ọ́

Apá Lafẹ́nwá lẹ ó gbà lọ sí adágún Ọ̀yán, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ìlú. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí ìdídò náà. Odò Ọ̀yán tó ń ṣàn lọ bá Ògùn ni wọ́n dí, Èkó àti Abẹ́òkúta sì ń mu nínú omi rẹ̀. Fún olùwo ẹyẹ, etí adágún lówùúrọ̀ dára: lékèélékèé, oríṣiríṣi ẹyẹ apẹja, àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ gígùn rìn nínú ẹrẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba ni ìdídò fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ gba àṣẹ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀. Mo fẹ́ràn kéèyàn yà sí àwọn abúlé apẹja bí Ìbàrò, kó háyà ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ apẹja kan, kó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra wà á.

Ṣùgbọ́n ẹ má ti ẹsẹ̀ bọ omi yẹn. Àtọ̀sí ajá wà níbẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ ń gbé nínú ìṣáwùrú tó lẹ̀ mọ́ koríko etí omi, ó ń jáde lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá mú, ó sì ń gba ara awọ wọlé láìjẹ́ pé èèyàn ní egbò. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeré nínú omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lè máa tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ìdí tí ẹ fi gbé bàtà rọ́bà wá nìyẹn. Bí omi bá ti kàn yín, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀. Oògùn rẹ̀, praziquantel, kì í ṣe ohun tó ṣòro rí.

Ní abúlé èyíkéyìí, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹ kí àwọn àgbà, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ béèrè ibi tí a kì í wọ̀. Ẹ bi wọ́n nípa Orò pẹ̀lú, pàápàá ẹ̀yin obìnrin, torí ọjọ́ tí Orò bá ń jáde kì í ṣe ọjọ́ ìrìn-àjò. Igbó tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má wọ̀, ẹ dúró létí rẹ̀ kí ẹ gbójú sókè. Àwọn igi àgbà tí kò sí mọ́ ní gbogbo oko yí ká, inú igbó òrìṣà ni wọ́n kù sí.

Ejò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín tí yóò sì ti lọ, àyàfi paramọ́lẹ̀ tó máa ń sùn sí ojú ọ̀nà. Bó bá bu èèyàn jẹ: ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fẹnu fa oró, ẹ má so ó pinpin, ẹ má fi òkúta dúdú lé e. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kúrò kó tó wú, ẹ di ẹsẹ̀ mọ́ igi bí ẹni tó kán kó má baà mira, ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kó rìn, ilé ìwòsàn tààrà. Kí ẹ tó kúrò nílé ni kẹ́ ẹ ti mọ ilé ìwòsàn tó ní oògùn oró ejò nílẹ̀.

5. Ọmọ ọ̀bọ tí wọ́n so mọ́ òpó

Ẹ ó rí i, láìpẹ́ láìjìnnà, nínú abúlé tàbí lẹ́bàá títì: ọmọ ọ̀bọ kékeré tí okùn wà ní ìdí rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń ṣe yín láàánú. Ọkàn yín á ní kẹ́ ẹ rà á, kẹ́ ẹ lọ tú u sílẹ̀. Ẹ má rà á. Ọmọ ọ̀bọ kì í fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó mú un wálé ti yìnbọn pa ìyá tó gbé e mọ́ àyà. Owó tí ẹ bá san ló máa ra ọta ìbọn tí wọ́n ó fi pa ìyá mìíràn. Èyí tí ẹ sì tú sílẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ, àwọn ọ̀bọ tó ni agbègbè náà kò sì ní gbà á. Bákan náà ni akika, tó ń ká ara rẹ̀ róbótó bí ẹ̀rù bá bà á, tí ọmọdé lè wá gbé e sínú àpò. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan. Ìpẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń tà gọbọi kò yàtọ̀ sí èékánná yín. Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́, pinnu láti fòfin de òwò akika àti odídẹrẹ́ inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà náà sì ní òfin tirẹ̀ láti 1985.

Kí ni kẹ́ ẹ wá ṣe? Ẹ má bá ẹni tó ń tà á jà, ẹ má sì ya fọ́tò ẹ̀rín pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ kọ ibẹ̀ àti ọjọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi tó ilé iṣẹ́ ìjọba lórí igbó létí ní Òkè-Mosàn, tàbí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú òfin àyíká ṣẹ, tàbí NCF, àjọ aládàáni tó ń dáàbò bo ẹranko àti igbó, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980. Ó lè pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Síbẹ̀, ìyẹn dára ju kẹ́ ẹ di oníbàárà lọ.

Èmi kò bá ẹni tó ń jẹ ọ̀yà jà o. Ọ̀yà ń bí púpọ̀, àwọn èèyàn sì ń sìn ín nílé bí ehoro. Èyí tó ń bí ọ̀kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ jìnnà sí.

6. Igbó Ọmọ

Igbó ọba ni, ní apá Ìjẹ̀bú ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín. Ọdún 1925 ni òfin tó dá a sílẹ̀ wáyé, ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 130,500, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó tí ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò ní 1977. Láti Abẹ́òkúta, Ṣágámù, Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ tẹ̀ síwájú lójú ọ̀nà Benin dé ìletò tí wọ́n ń pè ní J4 kí ẹ tó kan Òrè. Ẹ má ṣètò rẹ̀ bí àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan, ẹ má sì rìn lálẹ́. Ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an kí ẹ tó gbéra. Ànfààní tí àwa ní ni pé Òkè-Mosàn, lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ni ilé iṣẹ́ tó ń fúnni láṣẹ wà: ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú, kí ẹ sì kàn sí NCF tí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ń ṣọ́ erin níbẹ̀. Láìsí ẹ̀ṣọ́, ẹ má wọlé.

Erin igbó kì í ṣe erin tí ẹ ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó kéré ju ti ọ̀dàn lọ, etí rẹ̀ rí róbótó, eyín rẹ̀ tọ́ sílẹ̀ gbọọrọ kó lè gba àárín igi kọjá. Ní 2021 ni IUCN kọ́kọ́ kà á lọ́tọ̀ sí ti ọ̀dàn, wọ́n sì fi í sí ìpele tó burú jù kí nǹkan tó pa rẹ́ nínú igbó. Oyún rẹ̀ ń lò tó oṣù 22, nítorí náà ẹyọ kan tí wọ́n bá pa, ó máa pẹ́ gan-an kí òmíràn tó dí àlàfo rẹ̀. Òun ló ń gbin igbó. Ó ń gbé èso òro mì, ó sì ń yàgbẹ́ kóró rẹ̀ síbi tó jìnnà, níbi tí yóò ti hù. Ẹni tó bá ń jẹ ọbẹ̀ ààpọ̀n, ẹ rántí àgbẹ̀ yìí.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbẹ́ àti ojú ẹsẹ̀ nìkan lẹ ó rí. Ẹ jẹ́ kó tó yín. Ìgbẹ́ tó ṣì tutù, tó ń gbóná, tí eṣinṣin bò, ẹni tó ni ín kò jìnnà, ẹ̀ṣọ́ á sì yí ọ̀nà padà. Bí ẹ bá bá a pàdé, ẹ má pariwo, ẹ má tan iná kámẹ́rà, ẹ fi igi ńlá sáàárín, kí ẹ rọra fà sẹ́yìn síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀ wá bá yín. Ohun tí ẹ̀ṣọ́ bá sọ labẹ gé. Abiyamọ erin kò mọ àlejò.

Kì í ṣe erin nìkan ló wà níbẹ̀. Irú ọ̀bọ kan tí ọ̀fun rẹ̀ funfun ń gbé ibẹ̀, tí kò sí níbòmíràn láyé ju gúúsù Nàìjíríà, Benin àti Tógò lọ. Ẹ ó tún rí igi mèlínà tí wọ́n gbìn tò lọ bí ìlà ìwé, àti oko kòkó nínú igbó ọba. Ẹ má bú àwọn àgbẹ̀ yẹn. Ẹni tí erin wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lóru, tí kò sì sí ẹni tó san án padà fún un, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó gbé kámẹ́rà wá láti ìlú. Ní Kẹ́ńyà, àwọn àgbẹ̀ ń so ilé oyin yí oko ká torí pé erin ń sá fún oyin, wọ́n sì ń rí oyin tà. Mo fẹ́ rí i kí ẹnìkan dán irú rẹ̀ wò dáadáa níbí. Ní báyìí, ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni owó: ẹ dúnàádúrà owó amọ̀nà kí ẹ tó wọlé, ẹ san án pé, ẹ sùn lábúlé, ẹ ra ẹ̀fọ́ àti ẹyin wọn. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ igbó bá ń rí owó lórí erin tó wà láàyè, ẹ ò ní nílò láti wàásù fún un.

7. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Bí ẹ ò bá sì rí i, ẹ má sọ pé ẹ rí i. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi, iye, àti bó ṣe jìnnà tó. Bí kò bá dá yín lójú irú àṣá tó jẹ́, "àṣá kan" ti tó.

Ní ti ẹyẹ, NiBAP ni kẹ́ ẹ darapọ̀ mọ́, ètò tí APLORI, ilé ìwádìí ẹyẹ ní Jos, ń ṣe láti fi ya máàpù gbogbo ẹyẹ Nàìjíríà. Ẹ gba áàpù BirdLasser sórí fóònù, ẹ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ti pín orílẹ̀-èdè sí onígun kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án. Ẹ ó wá ẹyẹ nínú onígun kan fún ó kéré tán wákàtí méjì, ẹ ó sì kọ gbogbo irú tí ẹ bá rí tàbí tí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, àti ológóṣẹ́ pàápàá, bó ṣe ń tẹ̀léra. Lẹ́yìn wákàtí méjì náà, ẹ ṣì lè fi èyí tó bá tún yọjú kún un títí ọjọ́ márùn-ún yóò fi pé.

Ibi tí ẹ ti rí erin, odídẹrẹ́ tàbí akika kò gbọ́dọ̀ dé Facebook. Ẹ pa lokéṣọ̀n kámẹ́rà kí ẹ tó ya fọ́tò, torí àwọn tó ń wá wọn náà ní fóònù.

Onígun tí Olúmọ wà yàtọ̀ sí èyí tí Alábàtà wà, nítorí náà káàdì méjì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ẹyẹ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá ń wọkọ̀ láti ọ̀kan lọ sí èkejì, ẹ wo ojú áàpù náà. Yóò sọ fún yín bí ẹ bá ti kọjá ààlà.